Ohun tí Àwáwù Kà fún Ìyá Rẹ̀

Ọ̀nà Jẹ́bà ni Mọ́nsúrù kú sí. Ó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kó ẹrù lọ sí Kánò, ọkọ̀ wọn gbókìtì, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, kí ìròyìn tó dé bá bàbá rẹ̀, Ràsáàkì, ní Òtù.

Oyún inú Àdìjátù, ìyá Mọ́nsúrù, ti gbó nígbà náà, oyún sì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára rí. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ gbọ́. Ó di ìgbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n bá sọ ọmọ tuntun lórúkọ, kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò túfọ̀ fún un. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé Àwáwù, àbúrò Mọ́nsúrù tó wà ní kíláàsì kẹrin, ló ń gbé omi mímu bọ̀ wá fún wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ràsáàkì fà á sẹ́yìn ilé.

"Má jẹ́ kí ó ti ẹnu rẹ jáde," ni ó wí. "Bí nǹkan bá ṣe ìyá rẹ, ọrùn rẹ ló wà."

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà ń sọ fún ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi í bóyá òun náà fẹ́ sunkún. Ẹ̀yìn ilé náà ló ti nu ojú rẹ̀, ó sì wọlé lọ bá ìyá rẹ̀ dáná.

Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ilé kò lè pe Àdìjátù ní Ìyá Mọ́nsúrù mọ́. Wọ́n sọ ọ́ di Ìyá Àwáwù. Àdìjátù fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi wọ́n pé kí ni àkọ́bí òun ṣe fún wọn. Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín, oníkálukú sì wá nǹkan gbá mú. Àwáwù kò rẹ́rìn-ín. Bí ìyá rẹ̀ bá sì wí pé òun ń tọ́jú èlùbọ́ tó funfun jù lọ pa mọ́ de Mọ́nsúrù, ńṣe ni yóò dìde jáde.

Ilé ìwé nìkan ló ti ń rí ara rẹ̀ gbé. Tísà Florence ló ń kọ́ wọn, onígbàgbọ́ kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé ilé àwọn tísà, tí kò sì mọ ohun tó ń lọ nínú agbo ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó bá àwọn ọmọ tí wọ́n ti há ìwé kíkà wọn sórí. Bí o bá da ìwé náà dé mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn yóò máa kà á lọ ni. Ṣùgbọ́n kí o ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan péré, òrùlé ni wọn yóò máa wò. Inú bí i gan-an. Ó ní ta ló ya kíkọ sọ́tọ̀ kúrò lára kíkà? Láti ìgbà náà, ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì yóò kà sókè fún un. Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lẹ́nu ẹnìkejì, yóò tún un kọ. Ó sì máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń kà pé, "Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí o kà. O ò gbọdọ̀ ka ohun tí kò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n kọ nípa ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ràn nílé. Àwáwù kọ ọ́ láìgbórí sókè. Ẹnu ni bàbá rẹ̀ sọ, kò sọ ọwọ́. Fàtímọ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó kò wá sílé ìwé, wọ́n mú un lọ sóko, tísà fúnra rẹ̀ ló bá gba ìwé náà kà. Kò kà á sókè. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní ó ṣeun tó kọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kẹ́dùn pẹ̀lú Àwáwù. Ó jẹun lọ́jọ́ náà dáadáa, ó sì sùn.

Ìtùnú náà kò pẹ́. Bí wọ́n ti ń jáde nílé ìwé lọ́jọ́ kejì, Àdìjátù ń bọ̀ láti ibi ìwòsàn, ó yà mú Àwáwù, tísà sì pàdé wọn. Lọ́kàn tísà, gbogbo ilé ló mọ̀. Kò kàn fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ikú wá sí gbangba ọ̀nà ni. Ó rọra di Àdìjátù lọ́wọ́ mú.

"Màmá, Àwáwù kọ nǹkan nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kà á fún yín, yóò ṣe yín láǹfààní."

Wọn kò tíì jókòó tán nílé tí Àdìjátù fi ní kí ó mú ìwé náà wá. Àwáwù tẹ́ abala ìwé sórí orúnkún, ó fi ìka sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ni Mọ́nsúrù," ni ó kà. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ ń lọ, ẹnu rẹ̀ sì gba ibòmíràn. Ó kà pé Mọ́nsúrù ń bọ̀ nílé ní ọdún Iléyá. Ó kà pé ó ti ń fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀, pé aṣọ tó rà fún ìyá rẹ̀ wà nínú àpò, pé òun ni yóò gbé ọmọ tuntun náà pọ̀n kiri òde. Àdìjátù pa ojú dé, ó ń gbọ́, ó ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó sọ ọ́ fún gbogbo agbo ilé. Ràsáàkì gbọ́, ó sì bu ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ fún Àwáwù lálẹ́. Kò yin ọmọ náà rí nítorí ìwé, irọ́ ló wá yìn ín fún. Àwáwù fi ẹran náà sílẹ̀ nínú àwo.

Àdìjátù, tí kò mọ ìwé kà, gba abala ìwé náà, ó ká a, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Àwáwù wá ọ̀nà títí láti jí i, kò rí i jí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n rán Àwáwù lọ sílé ẹ̀rọ, Fàtímọ̀ yà wá pè é kí wọ́n jọ lọ pọnmi. Àdìjátù ní kó jókòó dè é. Ó tú ìwé náà, ó ní kó bá òun tún ọ̀rọ̀ dídùn yẹn kà. Kíkà Fàtímọ̀ kò yá. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń kà á ketekete bí tísà ṣe kọ́ wọn. Kó tó mọ ohun tó ń kà, ó ti kà á tán. Ohùn rẹ̀ ni Àwáwù gbọ́ bó ti ń sọ ẹrù ìyẹ̀fun kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà:

"Ọkọ̀ gbókìtì ní ọ̀nà Jẹ́bà. Wọ́n sin ín síbẹ̀. Bàbá mi ní kí ó má ti ẹnu mi jáde. Tí ìyá mi bá ń dáná, mi ò lè wo ojú rẹ̀."

Fàtímọ̀ ju ìwé sílẹ̀, ó sá jáde. Àdìjátù kò ké. Ó di ikùn rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Àwáwù wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń sọ pé kí nǹkan má ṣe é. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó na ọwọ́ mú ìwé náà nílẹ̀. Ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ka èyí tí o kà fún mi níjọ́sí," ni ó wí. "Èyí tó ní ó ń bọ̀."

Àwáwù tẹ́ ìwé náà sórí orúnkún, ó fi ìka sábẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni Mọ́nsúrù," ni ó kà. Ìyá rẹ̀ pa ojú dé, ó ń dúró. Ọmọ náà tún ìlà náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì rí òmíràn kà.