Gáàsì Tuntun Lórí Ọ́ìlì Àtijọ́

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Inúmidùn ń retí lẹ́nu Fádáre ọ̀gá rẹ̀: "Mo dá ọ sílẹ̀." Láàrin àwọn mẹkáníìkì tó wà létí títì márosẹ̀ ní Ore, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó lè ní ìsọ̀ tirẹ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tíì sọ ọ́, kó gbé ọwọ́ lé e lórí, kó ṣàdúrà, kí àwọn aládùúgbò sì ṣe àmín, kí wọ́n jẹ ìrẹsì. Fìrídọ̀mù nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbà á, bó hu ewú sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tó bá ṣe tó dára, ọ̀gá ló ni ín; èyí tó bá bàjẹ́, ọ̀gá náà ló ni ín.

Ọdún tí wọ́n dá fún Inúmidùn ti pé, ó ti kọjá. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ wọṣẹ́ títún éésì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù ṣe ti gba tiwọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Inúmidùn kéré, ó ń wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ti Fádáre kò lè dé, ó sì tún ń bá ìyàwó ọ̀gá fọṣọ. Ta ni yóò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ní Ajue ń béèrè."

"Sọ fún un pé o ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ń wo òfuurufú bí ẹni tí òòyì ń kọ́!"

Àyànlọ́wọ̀ tó ń lẹ táyà nítòsí wọn á bú sẹ́rìn-ín. "Ìrẹsì fìrídọ̀mù yẹn á ti kan kó tó dé ẹnu wa o!"

Ojú Inúmidùn á lọ jìnnà, síbi tó ti ń rí pátákó búlúù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, àti òun fúnra rẹ̀ nínú búláòsì funfun tí gírísì kò kàn.

Ayé sójà ni nígbà náà. Epo ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n, owó kò ra nǹkan, gáàsì éésì tí wọ́n ti ń lò látọjọ́ pípẹ́ náà sì ti di àwátì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ àtijọ́ tutù, àfi kó yí i padà sí gáàsì tuntun. Fádáre rán Inúmidùn lọ rà á ní Benin. Ọkùnrin tó tà á fún un kìlọ̀: "Sístà, gáàsì yìí kì í bá ọ́ìlì àtijọ́ ṣe o. Ẹ da ti àtijọ́ nù pátápátá, ẹ fọ páìpù, kẹ́ ẹ wá da ọ́ìlì tirẹ̀ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì kiri á gbẹ, á sì nọ́ọ̀kì."

Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún gáàsì tuntun náà ni Pijó àtijọ́ kan. Kápítéènì sójà ló ni ín. Fádáre kò da ọ́ìlì kankan nù. Ó tú ìwọ̀nba gáàsì tó ṣẹ́kù jáde, ó sì ń múra láti fa tuntun sí i.

"Ọ̀gá," ni Inúmidùn wí, "ẹni tó tà á ní ọ́ìlì..."

Sípánà fò wá bà á léjìká. "Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi? Nígbà tí ọwọ́ ọ̀gá bá wà nínú ẹ́ńjìnnì, kí ni ọmọ iṣẹ́ ń ṣe?"

"Ó ń dákẹ́, sà."

"Dákẹ́ nígbà náà!"

Inúmidùn dákẹ́. Ó ń fọwọ́ pa èjìká, ó ń wo gáàsì tuntun bó ti ń wọlé lórí ọ́ìlì àtijọ́, dídákẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí ìrèké. Kápítéènì dúró nítòsí. Ì bá gbọ́ bó bá sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Éésì tutù bí omi àmù. Kápítéènì rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ sójà wọ́ Pijó náà padà. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti nọ́ọ̀kì, bẹ́líìtì ti já, Kápítéènì sì ti sùn sétí igbó mọ́jú. Sójà méjì bá a wá, kòbókò wà lọ́wọ́ ọ̀kan.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

Fádáre ti dọ̀bálẹ̀. Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló ti na ìka. "Òun ni, sà! Inúmidùn ni!"

"Ṣebí ọmọ iṣẹ́ rẹ ni? Bí ọmọ iṣẹ́ bá bà á jẹ́, ọ̀gá ló jẹ̀bi. Mo mọ òfin yín."

"Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi mọ́, sà! Mo ti dá a sílẹ̀! Ó ti gba fìrídọ̀mù, òun ló ni iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀!"

Gbólóhùn tí Inúmidùn ti ń lálàá rẹ̀ nìyẹn, ẹnu ẹni tó dojú bo ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ló ti jáde. Kápítéènì kọjú sí i. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Bó bá ní rárá, Fádáre ni wọ́n máa nà, òun á sì wà ní ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ títí ayé, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹgba máa bà.

"Ó ku díẹ̀, sà," ni Inúmidùn wí. "Kò tíì ṣàdúrà. Kó gbọ́wọ́ lé mi lórí níwájú àdúgbò. Bó bá ti ṣe é tán, èmi ni mo ba ọkọ̀ yín jẹ́."

Kápítéènì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ó ké sí Àyànlọ́wọ̀, ó ké sí Ìdáyátù tó ń ta ìrẹsì, ó ní kí wọ́n tò. Ó fi bàtà ta Fádáre dìde.

"Ṣàdúrà!"

Fádáre gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo... mo dá ọ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í bàjẹ́."

"Àmín."

"Oníbàárà kò ní í wọ́n ọ."

"Àmín."

"O ò ní í ṣe àgbákò."

"Àmín!" Kápítéènì ló ké èyí jù, ó sì ṣẹ́jú sí sójà oníkòbókò.

Orí bónẹ́ẹ̀tì Pijó náà ni wọ́n ti nà án. Ó ké, ó ké, títí kò fi lókun láti ké mọ́. Ìdáyátù padà sídìí ìkòkò, torí oníbàárà dé. Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì kan na ọrùn láti ojú fèrèsé, wọ́n ń wòran, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

Nígbà tí àwọn sójà lọ, Fádáre bu omi wá. "Dìde, ọmọ dáadáa. O gbà mí lónìí. Ó yá, kó àwọn irinṣẹ́ wọlé."

"Ẹ ti dá mi sílẹ̀, sà."

"Àdúrà abẹ́ ìbọn lo pè ní fìrídọ̀mù?" Fádáre fi í rẹ́rìn-ín. "Ìdáyátù, ṣé o gbọ́ àdúrà kankan?"

"Èmi kẹ̀? Ìrẹsì ni mò ń bù o."

"Àyànlọ́wọ̀ ńkọ́?"

"Sójà ni mo ṣe àmín fún, n kò ṣe é fún un."

Inúmidùn rọra dìde. Búláòsì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹgba náà ńkọ́? Ṣé òun náà kì í ṣe òótọ́?"

Ó gba omi náà, ó dà á sí Fádáre lẹ́sẹ̀, ó sì kọrí sí ọ̀nà Odigbo, ó ń tiro létí títì.

"Ọ̀gá éésì!" ni Àyànlọ́wọ̀ pariwo tẹ̀lé e. "Ọ̀gá tó gba fìrídọ̀mù sẹ́yìn!" Ẹ̀rín sọ ní gbogbo ìsọ̀, Ìdáyátù náà fi ṣíbí ìrẹsì bo ẹnu.

Inúmidùn dúró, ó yíjú padà sí wọn.

"Hẹ̀ẹ́n," ló dáhùn, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.