Ọkọ̀ Ayára Kò Dúró Mọ́

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́ kó tó dé. Àná ló yẹ kí olú-iléeṣẹ́ ti pè wá sí ibùdókọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ayára kò ní dúró níbẹ̀ mọ́. Àárọ̀ òní ni wọ́n tó pè. Alásíá sì ti rí tirẹ̀ lánàá. Ó dúró lórí pèpéle, fúláàsì tíì lọ́wọ́ kan, àsíá lọ́wọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ó kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Àwọn èrò ló sọ ọ́ ní Alásíá, torí òun ló ń na àsíá aláwọ̀ ewé sí awakọ̀ pé ọ̀nà mọ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ ayára. Ìwọ̀nba ìgbà tí ọkọ̀ fi ń dúró ni wọ́n fi ń fẹ́ra: awakọ̀ á gba tíì, á dá ife àná padà, á béèrè àlàáfíà bàbá Alásíá. Ife kan ṣì wà lọ́wọ́ awakọ̀ báyìí.

Ìyá aránṣọ kan kò gba ọ̀rọ̀ náà. “Ọ̀gá, ibi tí èrò pọ̀ sí lẹ wá ń sá fún? Ta ló ń rí oníbàárà tó ń ti ìsọ̀?”

“Èrò yẹn gan-an ni, ìyá,” ni ọ̀gá ibùdókọ̀ fèsì. “Ọ̀pọ̀ yín ò kọjá ibùdó kejì. Ẹ ó kún inú rẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní pa dé, ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn á wà lórí ìdúró, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á máa retí. Ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo ń bọ̀ lẹ́yìn ayára. Tiyín nìyẹn.”

“Ó yé mi. Inú mi ò kàn dùn sí i ni.”

Bó ṣe rí lára Alásíá náà nìyẹn. Láràárọ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń na àsíá tó ń lé olólùfẹ́ rẹ̀ lọ. Awakọ̀ á fọn fèrè ṣókí. Bàbá Alásíá, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, á gbọ́ ọ láti ilé tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, á ní, “Àna mi ti kí mi.”

Lọ́jọ́ ìsinmi awakọ̀, ó wọ ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo wá bí èrò lásán, ife lọ́wọ́.

“Alásíá mi, wọ́n ń wá alásíá ní ìparí ọ̀nà. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ìwọ àti bàbá máa bọ̀.”

Alásíá wo ilé wọn. Bàbá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri bọ̀ wá síbi àga rẹ̀ níta, láìkọsẹ̀. Nílé mìíràn, á tún máa kọ́ ìrìn bí ọmọdé.

“Ìwọ náà lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọ ní ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo.”

“Èmi? Ìgbín ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa pè mí.”

“Ìgbín ò sùn síta rí.”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Alásíá ṣan ife náà, ó bu tíì kún un, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

“Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mo sì máa fẹ́ ọ,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò níbí níwọ̀n ìgbà tí bàbá mi bá wà.”