Òfin Kan fún Gbogbo Àmì

Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ taipúráítà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Títẹ lẹ́tà ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin dàgbà, ọmọ náà ló sì wá dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn atẹ̀wé. Nígbà tí ìjókòó ilé sú ìyá, ó ní kí ọmọ fún òun ní ìwé kan tò.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi èyí tó rọrùn bẹ̀rẹ̀."

"Fún mi ní gidi. Tí mi ò bá lè ṣe é, màá padà sílé, o ò sì ní gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́nu mi mọ́."

Ọmọ mọ̀ pé ìyá òun kì í yẹ ohùn. Ó gbé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì fún un. Ìlànà ìtọ́jú ló kún inú rẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì róbótó dúdú níwájú, àwọn ìlànà kéékèèké sì wọlé sábẹ́ àwọn ńlá.

"Má dá sí i o," ni ìyá wí.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bó bá ti tẹ àmì tán, á gbá bọ́tìnnì gbọọrọ tó ń fi àlàfo sílẹ̀ mú, á máa tẹ̀ ẹ́ títí ìlà yóò fi wọlé tó bó ṣe fẹ́. Ìlà kejì náà, àlàfo ló fi ń tì í, kó lè dúró sábẹ́ ọ̀rọ̀ dípò abẹ́ àmì. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lórí taipúráítà nìyẹn. Nígbà tó parí, gbogbo ojú ìwé gún régé.

"Wá wo iṣẹ́ àgbà," ló wí.

Ọmọ wò ó. Kó tó lanu, Mátíróònù tó ni ìwé náà ti wọlé.

"Ẹ bá wa dín ìbú rẹ̀ kù. Kò wọ àpò aṣọ iṣẹ́ wa."

Ọmọ dín ojú ìwé kù, iṣẹ́ ìyá sì fọ́n ká. Ìlà já níbi tí kò yẹ, àlàfo la àárín gbólóhùn. Níbi tí wọ́n kọ pé kí a má fún aláìsàn lómi títí ojú rẹ̀ yóò fi là, "lómi" nìkan ló dá dúró láàárín bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

"Tí a bá ka eléyìí níbi iṣẹ́," ni Mátíróònù wí, "a ó ṣe ẹlòmíì léṣe. Màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó jáde tán, ọmọ na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ìyá gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Ta ló bà á jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ta ni yóò wá tún un ṣe? Sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Ọmọ ṣàlàyé: ọ̀rọ̀ ìwé wà lọ́tọ̀, fáìlì òfin ìrísí wà lọ́tọ̀. Ohun tí a bá kọ sínú òfin náà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ojú ìwé ni yóò tẹ̀ lé e.

Ìyá kọjú sí ojú ìwé tó fọ́n ká. "Gbogbo àlàfo tí mo ń tẹ̀ yẹn, apẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń pọn omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì ń wò mí níran?"

"Ẹ ní kí n má dá sí i."

"Mo wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ òfin: ọ̀kan fún ìlànà ńlá, ọ̀kan fún kékeré. Nígbà àkọ́kọ́, ó fa ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ìlànà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn kí àmì lè yọ síta, àwọn àmì sì gba etí ìwé kọjá lọ.

"Wọ́n ti kó jáde nílé," ni ọmọ wí.

"Pa ẹnu rẹ mọ́, mò ń ronú."

Ó ronú títí ó fi yé e: kí a kọ́kọ́ ti gbogbo ìpínrọ̀ wọlé, kí a tó fa ìlà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan padà síta. Àmì wá dúró níwájú, ọ̀rọ̀ sì tò sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ kò fi ìka kan bọ́tìnnì kankan.

Mátíróònù padà dé, ó fi awò ojú rẹ̀ wo gbogbo ojú ìwé. "Ó dáa. Àmọ́ àwọn àgbà inú wa ní lẹ́tà ti kéré jù."

Ìyá kò tilẹ̀ mira. Ó ṣí fáìlì òfin, ó yí ìwọ̀n lẹ́tà padà, ó fi àyè kún ẹ̀yìn àmì. Lẹ́tà tóbi, ìlà pọ̀ sí i, síbẹ̀ kò sí àmì kan tó kúrò ní ìdúró rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣìnà.

"Ta ló to ìwé yìí?" ni Mátíróònù bèèrè.

Ìyá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń nu awò ojú tirẹ̀. Ọmọ na ọ̀rùn, ó sì gbé ohùn sókè kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní yàrá kejì lè gbọ́.

"Ìyá mi ni. Ibí ló ti ń ṣiṣẹ́."