Ìjìdí Oyin àti Ẹ̀san Ardis

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, Ardis Tvedt jáde sí ẹ̀yìnkùlé, òkú oyin ló bá nílẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Ṣọ́bìrì ló fi kó wọn. Nínú ogójì ilé oyin tó ní, mẹ́tàdínlógún kú pátápátá. Ẹnì kan ti fín oògùn kòkòrò sórí òdòdó tó là. Ardis ò sunkún. Ó ní ẹni tó ṣe é yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Ó ní ilé oyin kan tó fi gíláàsì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oyin tó bá ti oko dé á máa jìdí lórí afárá láti júwe oko náà fún àwọn yòókù. Bó ṣe kọjú ló ń sọ ọ̀nà. Bí ìjìdí náà bá ṣe pẹ́ tó ni oko náà ṣe jìnnà tó. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ardis fi jókòó tì wọ́n pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni gbogbo wọn ń wí, máìlì kan. Oko elégédé Leland Hruska ló wà níbẹ̀, létí adágún.

Ó wakọ̀ lọ bá a.

"Leland, oògùn wo lo fín?"

"Ìyáàfin Tvedt, mi ò fín nǹkan kan. Elégédé mi ń tanná lọ́wọ́, ṣé orí mi dàrú ni? Oyin yín ni mo fi ń jẹun."

"Oyin ò mọ irọ́ pa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n pa."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kó àwọn ilé oyin tó kù sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń gbé wọn lọ síbi tó jìn tó ọgbọ̀n máìlì. Leland dá a dúró lójú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Tí oyin ò bá sí, elégédé mi ò ní so."

"Ṣe bí oyin fúnra rẹ. Ṣebí o lọ́wọ́ méjì."

Ó sì ṣe é lóòótọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré gbé àtíkè inú òdòdó láti ọ̀kan dé èkejì, bí oyin ti máa ń ṣe, nínú oòrùn, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ kọdọrọ. Ojoojúmọ́ ni Ardis ń wakọ̀ kọjá níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Nígbà tí oṣù Kẹwàá fi dé, elégédé tó so ò kún ọkọ̀ kan, Leland sì gbé pátákó síwájú ilé pé oko náà ti di títà.

Ardis lọ fi ìròyìn ayọ̀ náà mu kọfí lọ́dọ̀ Gaylen àbúrò rẹ̀, tó ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá wọn ní òdìkejì adágún, lẹ́yìn oko Leland gan-an.

Gaylen rẹ́rìn-ín. "O gbẹ̀san ná, Ardis. Àyà èmi gan-an já nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fín oògùn sórí ẹ̀wà sóyà mi. Àmọ́ o ní máìlì kan, tèmi sì ju méjì lọ, ọkàn mi bá balẹ̀."

Ardis gbé ife kalẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń sin oyin lágbègbè adágún ló mọ̀ pé koríko àti igi tó ń kọjá lábẹ́ ojú oyin ló fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Lórí omi, kò sí ohun tó ń kọjá. Ibi tó jìn á dà bí ibi tó sún mọ́ lójú rẹ̀. Bàbá wọn ti kọ́ ọ kó tó mọ ọkọ̀ wà. Ìbínú ni kò jẹ́ kó rántí.

Ó bá Leland níbi tó ti ń di ẹrù sórí ọkọ̀.

"Leland, kì í ṣe ìwọ."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín látìgbà yẹn. Ta ni?"

"Gaylen. Àbúrò mi."

Leland so okùn ẹrù náà, ó fà á wò bóyá ó le, kó tó yíjú sí i.

"Ó dáa. Ìgbà wo lẹ máa lé òun náà kúrò lórí ilẹ̀ bàbá yín?"