Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Tí Kì Í Kọ́kọ́ Kí Àgbà

Èmi Priscilla, ìyá Olúmidé, kò sí ohun tó tóbi lára mi tó ẹnu mi, àfi bí ẹ bá fẹ́ ka ìdí mi mọ́ ọn. Ẹnu yìí ló sì kù díẹ̀ kó sọ mí di aláìníka.

Èmi ni olórí àwa obìnrin tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí ní Iyamoye, nílẹ̀ Ìjùmú. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ wa jẹ ìka kan lọ́wọ́ Miriam, ọ̀rẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, kò wọ abẹ́ òrùlé ẹ̀rọ mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò lóde ló ń jókòó sí, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti ń bú mi, ṣùgbọ́n èébú òkèèrè kì í dùn.

Ìdùnnúolúwa, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tó lè sọ̀rọ̀, tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó so ó mọ́ mọ́tò oníná tó ń yí ẹ̀rọ wa, ó fi ojú kékeré kan sí ibi tí à ń ki ẹ̀gẹ́ bọ̀. Ojú yìí ń mọ ooru ara. Bó bá ti kan ọwọ́ èèyàn, ẹ̀rọ á dúró. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ gbígbóná dán an wò. Gbì! Ẹ̀rọ dúró. Miriam na ọrùn láti abẹ́ máńgòrò.

Èmi nìkan ni mo fajú ro. "Ẹ̀rọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé yóò kàn dákẹ́ mọ́ àgbà lójú ni? Kó kọ́kọ́ kí wa bí ará Ìjùmú ṣe ń kíra wọn, pé, 'Okun o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọwọ́ yín.' Lẹ́yìn náà kó dúró."

"Òótọ́ ni!" Folúkẹ́, ọ̀kan nínú àwa alẹ́gẹ̀ẹ́, gbè mí. "Ọmọ Ìjùmú wo ni kì í kí èèyàn?"

"Màmá, kó tó kí yín tán, ìka yín á ti di gàrí," Ìdùnnú fèsì.

"Ṣe é bí mo ṣe wí, jàre."

Ó tẹ nǹkan díẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn bọ ẹ̀rọ. "Okun o, ẹ̀yin ìyá wa..." Kò tíì dé "ẹ kú iṣẹ́" tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi di ògì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Miriam gbé àpótí rẹ̀, ó tún sún sẹ́yìn. Ó dùn mí wọnú egungun.

"Màmá," Ìdùnnú sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, "kọ̀ǹpútà yìí kò dà bíi ti fóònù tó lè máa ronú kó tó dáhùn. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ní ipò. Bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ bá dé, iṣẹ́ yòókù á dìde fún un. Àkókò tí yóò fi dúró ti wà nínú òfin rẹ̀. Bó bá pẹ́, kódà kó dúró, ó ti kùnà. Irú rẹ̀ ló ń tẹ bírékì bàálù."

"Ó dáa. Kó dúró ná, kó wá kí mi lẹ́yìn náà."

Ó tún un ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀gẹ́. Àfi bí Isaiah, àna mi, ṣe gun ọ̀kadà kọjá. "Okun o, Màmá!"

Ṣé mo lè dákẹ́ ni? Mo yíjú sí i. "Okun o, ọkọ mi! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣu oko yín ní Ponyan ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàbá rẹ..."

Gbì!

Mo wolẹ̀. Ìka mi márààrún ti wọ ẹnu ẹ̀rọ. Eyín irin kò ju ìwọ̀n èékánná kan sí wọn lọ, kò sì mira. Ẹ̀rù bà mí, mo fò sẹ́yìn, ìdí mi bọ́ sínú ọpọ́n ẹ̀gẹ́ lílọ̀, pàáà!

"Okun o, ẹ̀yin ìyá wa," ẹ̀rọ wí, "ẹ kú iṣẹ́."

Miriam ti sáré wọlé kó tó rántí pé òun kì í wọlé. Ó ń fà mí lápá, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lágbára. "Ìyá Olúmidé! Ẹnu rẹ ń kí Isaiah, ọwọ́ rẹ ń kí ẹ̀rọ!"

"Fà mí sókè, jàre! Ẹ̀gẹ́ ti wọ ibi tí n kò lè sọ!"

Kò fà mí mọ́. Ó ń wo ẹ̀rọ náà. Ó pe Ìdùnnú kó tún un tàn, ó na ọwọ́ rẹ̀ oníka mẹ́rin sí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Gbì! Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà, ó jáde lọ gbé àpótí rẹ̀ wá láti abẹ́ máńgòrò, ó gbé e kalẹ̀ síbi tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

"Ẹ kó ẹ̀gẹ́ wá," ó wí.

Láti inú ọpọ́n níbẹ̀, mo dá ẹ̀rọ lóhùn: "Okun o, ọmọ mi. O lẹ́kọ̀ọ́ jù mí lọ."