Omi Iyọ̀ Lára Ògiri

Nígbà tí a ń kó wá sí Ṣàngó-Ọ̀tà, àwọn èèyàn kìlọ̀ olè fún mi. Wọ́n kìlọ̀ ọkọ̀ ńlá tí bíréèkì rẹ̀ máa ń já ní Toll Gate, wọ́n tún kìlọ̀ èéfín ilé-iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ògiri fún mi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo jáde lọ sá aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Mo wòkè, mo sì rí i. Nǹkan pupa kan ṣàn wálẹ̀ láti òkè ògiri yàrá Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ wa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó yà sí méjì lókè fèrèsé, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà sọ̀kalẹ̀. Ọ̀dà funfun la fi kun ilé, kò sí bí ojú ṣe lè fò ó. Aṣọ tútù tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, n kò tiẹ̀ mọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni Jabez, ọkọ mi, ti ń ṣiṣẹ́. Ó wo ògiri náà, ó ní irin sitáńdì tó gbé tánkì omi wa ló ń dógùn-ún, omi ló sì ń fọ̀ ọ́ wálẹ̀. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ wa kéré. Ẹni tó bá wa ṣe sitáńdì náà kò ríbi fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí. Ó ri ẹsẹ̀ méjì mọ́lẹ̀, ó sì fi apá irin méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé ògiri yàrá ọmọ. Bí tánkì bá ti kún, omi a dà láti ẹnu rẹ̀ sórí àwọn apá irin náà. Jabez ní òun yóò pe wẹ́dà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rí irin láti àárọ̀ dalẹ́ kì í fẹ́ tún rí irin nílé. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù ì bá ti kúrò lára mi níbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti àlá Màmá.

Màmá ni ìyá Jabez. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé láti ìgbà tí mo ti bí Ayọ̀kúnnúmi, òun náà ló sì ń darí àwọn ìyá tó ń gbàdúrà ní ìjọ wa. Èèyàn rere ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá sín lẹ́yìn ilé, Màmá yóò béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún nípa mi ni pé n kì í ríran. Ó máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun mọ ìwé, ó mọ oúnjẹ sè, ó kàn jẹ́ pé ojú inú rẹ̀ fọ́ ni.

Ó ti lá àlá kan kí ògiri náà tó pọ́n. Ó rí Ayọ̀ nínú aṣọ pupa, láàárín àwọn èèyàn tí òun kò mọ̀ rí. Nígbà tí mo pè é wá wo ògiri, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ni wọ́n ń béèrè.”

Ẹ bá mi rò ó. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Mo mọ ohun tí Jabez sọ, mo sì gbà á gbọ́ lọ́sàn-án. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí mo bá la ojú, ọ̀rọ̀ Màmá ni mo máa ń gbà gbọ́.

Mo kọ́kọ́ gbéjà ko pupa náà bí obìnrin ṣe ń gbéjà ko ìdọ̀tí. Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́, mo gé e, mo fún omi rẹ̀ sára ògiri, mo jẹ́ kó mu ún díẹ̀, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Àwọn pupa tó wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ẹ̀rọ ti máa ń ta sí ògiri, ṣí kúrò, wọn kò sì padà. Omi ilẹ̀ wa níbí ló ń kun nǹkan ní pupa bẹ́ẹ̀. Kò sí báàkẹ́ẹ̀tì funfun kan ní àdúgbò wa tí kò pọ́n nídìí. Èyí tó wá láti òkè náà ṣí. Inú mi dùn. Kò pẹ́ tó fi padà, ó sì gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Màmá ní mo rí i bí? Ó ní ìdọ̀tí lásán ni ọsàn wẹ́wẹ́ ń bá jà. Ó gbé àpò iyọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà sí i, ó gbé e padà wálé. Láàárọ̀ kùtùkùtù, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, á po iyọ̀ náà mọ́ omi nínú abọ́, á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, á sì dà á sókè pẹ̀lú gbogbo agbára apá rẹ̀. Abẹ́ òrùlé ló máa ń dojú rẹ̀ kọ, ibi tí pupa náà ti ń jáde gan-an. Apá rẹ̀ le, kì í tàsé.

Pupa náà ń pọ̀ sí i. Koríko ìsàlẹ̀ ògiri kọ́kọ́ pọ́n, ó wá gbẹ dànù. Nǹkan kan bíi èépá egbò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè, mo ń gbá a lójú fèrèsé. Màmá fi koríko gbígbẹ náà hàn mí, ó ní ohun tó ń bọ̀ ti ń pa ohun abẹ̀mí tó wà lọ́nà rẹ̀. Mo ti dẹni tí kì í jẹun àárọ̀ kó tó lọ wo ògiri.

Lẹ́yìn náà ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní, “Mọ́mì, ògiri mi ń sọ̀rọ̀.” Mo bá a lọ, mo gbé etí lé e. Ohùn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó lọ, ó bọ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù tó wúwo jù ú lọ. Mo gbé ọmọ mi jáde, mo ní kó máa sùn lọ́dọ̀ wa. Màmá kọ̀. Ó ní ẹni tó bá sá ti gbà fún ọ̀tá. Fúnra rẹ̀ ló sún bẹ́ẹ̀dì Ayọ̀ mọ́ ògiri náà pinpin, kí ara ọmọ lè máa kan ibi tí iyọ̀ àdúrà ti kàn. Ó ní òun àti ọmọ yóò wọ inú àwẹ̀ ní Sátidé, àwọn yóò ti ilẹ̀kùn, àwọn kò ní ṣí i títí àwọn yóò fi ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe àwọn. Ó ní Èṣù mọ ohùn gbogbo wa, ó lè fi ohùn ìyá tan ọmọ jáde. Jabez ní kí n fi ìyá òun sílẹ̀, pé àdúrà kì í pọ̀ jù.

Sátidé náà, Jabez wà níbi iṣẹ́. Iná dé, mo tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, mo wá ronú pé kí n gun òkè lọ fọ orísun pupa náà fúnra mi. Bàbá Múìdéènì, ọmọ bíbí Ọ̀tà tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, yá mi ní àkàbà, ó sì dì í mú nísàlẹ̀. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa oníṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀run láìkú.

Mo dé òkè. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kan apá irin tó gbé tánkì. Irin náà ṣí mọ́ mi lọ́wọ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo tún kàn án, ó tún ṣí, búrọ́ọ̀ṣì mi sì wọnú rẹ̀. Nǹkan funfun kan gbẹ mọ́ gbogbo ara rẹ̀ bí èyí tó máa ń wà lára ẹja gbígbẹ. N kò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi fi ahọ́n kàn án. Iyọ̀ ni, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin. Apá irin kejì ti kúrò nínú ògiri, ìka mi lè wọ àlàfo rẹ̀. Tánkì ti kún, omi tútù ń dà lé mi lórí.

Ohun tí n kò mọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí mo ti mọ̀ ọ́n, ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti inú yàrá, mo ń gbọ́ ohùn Ayọ̀ tó ń gbe àmín lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo sáré wọlé, mo gbá ilẹ̀kùn. Mo ní kí Màmá ṣí i, pé irin tánkì ti dógùn-ún tán, pé yóò wó lù wọ́n. Àdúrà Màmá kàn ròkè sí i ni. Mo tún sọ ọ́, mo pe Jésù mọ́ ọn. Màmá dáhùn láti inú, ó ní, “Ohùn àjèjì, mo dè ọ́.”

Bàbá Múìdéènì fi èjìká lu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn irin ni. Fèrèsé náà, irin la fi dí i. Nítorí olè la ṣe ṣe gbogbo rẹ̀, ọmọ mi ló wá há sínú ẹ̀. Ògiri kérora, ohùn rẹ̀ kò lọ bọ̀ mọ́, ó gùn. Mo ronú pé báyìí ni mo ṣe máa dúró tí ọmọ mi yóò fi kú, tí ilẹ̀kùn nìkan yóò wà láàárín wa.

Mo bá rẹ ohùn sílẹ̀. Mo fi ẹnu kan ojú kọ́kọ́rọ́. Mo ní, “Màmá, mo ríran.”

Àdúrà dákẹ́.

“Kí lo rí?”

“Mo rí Ayọ̀ nínú aṣọ pupa. Wọ́n ní kí ẹ gbé e jáde nísinsìnyí, kí ẹ má ṣe àmín.”

Kọ́kọ́rọ́ yí. N kò wo ojú Màmá. Mo já ọmọ gbà, Bàbá Múìdéènì fa Màmá lápá, a sáré jáde sí ojú ọ̀nà. A kò tíì dé ọ̀dọ̀ géètì ilé kejì tí irin fi ké lẹ́yìn wa. Ògiri ya. Tánkì náà wọ inú yàrá lọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Omi gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, ó pọ́n, ó ṣàn dé ibi tí a dúró. Àwọn èèyàn ti ya dé, àwọn oníṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń kọjá, àwọn tí a kò mọ̀ rí. Ayọ̀ dúró láàárín wọn, ó ń sunkún, aṣọ funfun àwẹ̀ rẹ̀ sì ti fa omi náà títí dé orúnkún, ó ti di pupa. Mo rí i. Màmá náà rí i. Títí di òní, n kò fẹ́ ronú sí i.

Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rí ní ìjọ. Wọ́n ní ìyàwó tó fọ́jú inú ti ríran. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi pé kí n bá àwọn wo ọ̀ràn àwọn, èmi náà ń sá pamọ́ bí ajigbèsè. Màmá ló yẹ kó máa yọ̀ jù. Kò yọ̀.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Múìdéènì la wọ̀ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá wọlé pẹ̀lú nǹkan kan tó fi ìró wé. Ó tú u sílẹ̀ níwájú mi. Apá irin náà ni, tó ti dógùn-ún tán, tó funfun lára.

“Mo ti tọ́ ọ wò,” ó ní. “Iyọ̀ mi ni.”

Mo ní Màmá kò mọ̀, pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é.

Ó mi orí. “Nígbà tí o sọ òótọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Olúkẹ́mi, mo mọ ohùn rẹ. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo sì dè ọ́.”

Àwa méjèèjì sunkún, a kò sì sọ ọ́ fún Jabez.

A ti tún ilé kọ́. Sitáńdì tuntun dá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó jìnnà sí ògiri. Wọ́n fi ọ̀dà pupa àwọn wẹ́dà, èyí tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, kun ún kí wọ́n tó fi èyí tó ń dán lé e, páìpù sì ń gbé omi tó bá kún jù lọ sínú gọ́tà. Láàárọ̀ kùtùkùtù, mo ṣì ń jáde lọ wo ògiri kí n tó jẹun. Mo máa ń bá Màmá níbẹ̀. Aṣọ gbígbẹ ló ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nu ìrì kúrò lára irin, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, kì í sì í gbé ohùn àdúrà rẹ̀ sókè mọ́, kó má baà ṣe pé ẹnìkan ń pè é tí kò ní gbọ́.