Àádùn Ìyá Sotonye

Láti àárọ̀ ni Àràmídé ti ń lọ sókè sódò nínú ilé wọn ní Rumuomasi. Ó gbálẹ̀ tán, ó tún un gbá. Ta ló ní kó kó ọkàn rẹ̀ lé ọmọ ọdún méje lọ́wọ́?

Nathan ọkọ rẹ̀ ló bí Sotonye, kí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ tó kú. Àràmídé ti lo ọdún kan nílé wọn, síbẹ̀ “Àǹtí” lọmọ náà ń pè é. Ìyá Àràmídé a máa pè é láti Oǹdó pé, “Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.” Ewé yìí pẹ́ títí, kò hó.

Ló bá rántí àádùn tóun alára fi dàgbà: àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi epo, ṣúgà, iyọ̀ àti ata pò. Ojoojúmọ́ ló ń dì í sínú ike fún Sotonye lọ sílé ìwé, òfìfo ni ike sì ń bọ̀ wálé. Inú rẹ̀ dùn, àfi lánàá tí ìyá Dagogo, aládùúgbò wọn, sọ pé ọmọ tòun ló ń jẹ ẹ́, Sotonye kì í fẹnu kàn án.

Nígbà tí ara Àràmídé kò gbà á mọ́, ó ra bọ̀lì àti ẹja aláta, ó gba ilé ìwé lọ.

Ẹnu géètì ló ti gbóhùn ọmọbìnrin kan. “Sugar and pepper! Who dey chop this kain thing? Throway am!”

Sotonye já ike rẹ̀ gbà. “No throway am! Me self no dey like am. But na my mama dey wake early-momo fry the corn. Who no wan chop make e leave am!”

Àràmídé di irin géètì mú. Ayọ̀ fẹ́ẹ̀ gbé e ṣubú.

Sotonye yíjú, ó rí i, ó sì yára fi ike pamọ́ sẹ́yìn. “Àǹtí, I don finish am o. E sweet.”

“Ah! Hungry dey catch me,” ni Àràmídé wí. “E no remain small for me? Oya, take this bọ̀lì, make we change.”

Sotonye rọra fa ike yọ, wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi. Sotonye ń lá ata ẹja lọ́wọ́. “Àǹtí, tomorrow put the àádùn plenty, make we change again.”

“Àǹtí” tó ń pè é yìí kò dun Àràmídé mọ́. Èyí tó ń wá, ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.